Bí Ẹ Ṣe Máa Lo Búrọ́ọ̀ṣì Ìfárùngbọ̀n Onírun Ẹlẹ́dẹ̀ Títí Yóò Fi Rọ̀

Ẹni tó bá ti jẹ orín rí ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí a fi ń hó ọṣẹ sójú kí a tó fárùngbọ̀n. Orín tuntun le, ó máa ń gún èrìgì. Ẹ ó máa jẹ ẹ́, itọ́ á wọ̀ ọ́, orí rẹ̀ á là wẹ́wẹ́, ìgbà yẹn ló tó di ohun tó ń fọ eyín. Bí irun ẹlẹ́dẹ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Irun kọ̀ọ̀kan nípọn nísàlẹ̀, ó tín-ín-rín lókè. Bó ṣe ń mumi tó tún ń gbẹ, tí ẹ sì ń fi í ra ojú lójoojúmọ́, ni orí rẹ̀ á máa là sí méjì tàbí mẹ́ta. Lílà yẹn ló ń mú un rọ̀. Ó tó lílò ìgbà 20 sí 30 kó tó rọ̀ dáadáa, nítorí náà ẹ má ṣe sọ pé kò dára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Kí omi tó kàn án, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ì báà jẹ́ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ lẹ ti rà á tàbí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí yín láti òkè òkun. Níbi tí irun ti wọ inú èèkù, kó fẹ̀ tó mìlímítà 22 sí 26. Kí irun fúnra rẹ̀ gùn tó mìlímítà 50 sí 60. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń ṣubú káàkiri lójú, èyí tó bá kúrú jù máa ń gún ni. Ẹ fi ìka méjì di irun díẹ̀ mú kí ẹ rọra fà á. Bí ọ̀kan tàbí méjì bá jáde, kò burú. Bí ó bá jẹ́ pé ìdì kan ló fà yọ lẹ́ẹ̀kan náà, gúlúù rẹ̀ ni kò mú, ẹ dá a padà.

Ẹ fi iná kan ọ̀kan nínú irun tó já. Irun gidi á rùn bí ìyẹ́ adìẹ tó jóná, á sì di eérú tí ìka lè rún. Ti ike á yọ́, á sì dì bíi kókó dúdú líle. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Mùsùlùmí gan-an, torí bí páálí rẹ̀ bá kọ "bristle" tàbí "pure bristle" láì dárúkọ ẹran kankan, ti ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Iná kò lè ya irun ẹṣin sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹlẹ́dẹ̀ o, nítorí náà ẹ bi ẹni tó ń tà á. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ẹlẹ́dẹ̀, kó ra onírun ike. Ó ń hó ọṣẹ dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a fẹ́ sọ yìí kò sì kàn án.

Òórùn ni yóò kọ́kọ́ pàdé yín. Tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá kan búrọ́ọ̀ṣì tuntun, ó máa ń rùn bí ẹran ọ̀sìn tí òjò pa. Kì í ṣe àbùkù. Ẹ bu omi tí ìyá ìkókó lè fi wẹ ọmọ, ẹ má ṣe lo omi tó ń hó, torí ó máa ń ba irun jẹ́, ó sì máa ń tú gúlúù. Ẹ ki irun nìkan bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí omi má dé èèkù, pàápàá tó bá jẹ́ igi. Ẹ kán ọṣẹ ìfọrun olómi bí ẹ̀ẹ̀mẹta sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì yí i níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ ṣan án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ ìfárùngbọ̀n hó ìfófó tó ki sára rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá ṣan án. Ìfófó yẹn ló máa ń fa òórùn jáde. Ohun tó bá ṣẹ́ kù á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bínú jù ni èyí. Ìfófó á jáde, á ki, á funfun. Kí ẹ tó gbé abẹ, ó ti wọlẹ̀, ojú ti gbẹ. Irun ẹlẹ́dẹ̀ ló mu ún. Irun yìí máa ń fa omi sínú ara rẹ̀, bó bá sì wọ inú ìfófó láì tíì yó, omi inú ìfófó ni yóò mu. Ẹ jẹ́ kó mumi yó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 3 sí 5 nígbàkúùgbà, kì í ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ wá gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má fún un gbẹ.

Ẹ yí i lórí ọṣẹ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Tó bá jẹ́ kírímù lẹ ń lò, ìwọ̀n ẹ̀pà méjì tó. Ẹ fi í sínú abọ́, kí ẹ máa pò ó, kí ẹ máa bu omi sí i ní ìdajì ṣíbí kékeré, ẹ má dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀wà àkàrà ni kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ: kó wú, kó tàn, kí orí rẹ̀ dúró ṣonṣo tí ẹ bá fa búrọ́ọ̀ṣì sókè. Tí ìhó ńláńlá bá ń là lójú rẹ̀ bíi ti omi ìfọṣọ, omi ti pọ̀ ju ọṣẹ. Ẹ padà sórí ọṣẹ. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ra bíi lẹ́ẹ̀, omi ló kéré.

Omi fúnra rẹ̀ ń kọ́? Bí omi kànga yín bá jẹ́ irú èyí tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, tó máa ń fi ìdọ̀tí funfun sílẹ̀ lára bàsíà, kò ní hó fún búrọ́ọ̀ṣì náà. Ẹ lo omi òjò, kì í ṣe òjò àkọ́rọ̀ tó ń fọ páànù òrùlé o, èyí tó tẹ̀ lé e.

Ọṣẹ dúdú wà nílé gbogbo wa. Ó ń hó, ṣùgbọ́n ìfófó rẹ̀ kì í pẹ́, ó sì máa ń ta lára ojú tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ó tún máa ń mú irun búrọ́ọ̀ṣì gan. Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ni kí ẹ lò.

Ní ọjọ́ tí ẹ kò fárùngbọ̀n, ẹ ṣì máa hó o ní àtẹ́lẹwọ́ fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ ṣan án, kó gbẹ. Ẹni tó ń fárùngbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nìkan yóò dúró tó oṣù mẹ́ta kó tó rí ohun tí ẹlòmíràn rí láàárín oṣù kan. Má fi sísọ́ọ̀sì gé orí irun náà, má sì fi pépà ìyọ́gi ha á: orí tín-ín-rín yẹn ló ń là, bí ẹ bá gé e, ohun tó ṣẹ́ kù ni apá tó nípọn, gígún ló máa gún yín. Lẹ́yìn nǹkan bí ìgbà 10, ẹ fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ orí irun kan nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó ti pẹka bí lẹ́tà Y. Gbogbo orí búrọ́ọ̀ṣì náà á ti ṣí díẹ̀ sí i, àwọ̀ rẹ̀ á sì máa funfun lókè.

Ní ojú, ẹ kọ́kọ́ máa yí i roboto kí irùngbọ̀n lè dìde, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi í kùn ún bíi ẹni ń kun ilé. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ títí irun fi là sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Àárín rẹ̀ á já, á sì ṣí ihò. Irùngbọ̀n ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ká, ó máa ń padà wọ awọ, ó sì ń di kókó lágbọ̀n. Níbi tí kókó bá wà, kíkùn nìkan ni, ẹ má yí i níbẹ̀, torí irun tuntun lè bó o.

Irun tó ń já ń kọ́? Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mẹ́ta sí mẹ́wàá lójúmọ́ kò yẹ kó bà yín lẹ́rù. Bó bá kọjá ìgbà 10 tó sì ń já bẹ́ẹ̀, àbùkù ni.

Àwọn onígbàjámọ̀ máa ń béèrè bóyá wọ́n lè fi ọ̀kan ṣiṣẹ́ fún gbogbo oníbàárà. Rárá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹṣin tí wọn kò pa kòkòrò inú rẹ̀ ló kó anthrax, àrùn tó ń ti ara ẹran ran èèyàn, ran àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Irun ẹlẹ́dẹ̀ kò sì gba kí wọ́n máa fi omi híhó bọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n máa rẹ ẹ́ sínú jíìkì lójoojúmọ́. Olúkúlùkù kó ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn lílò, ẹ ṣan án títí omi kò fi ní yọ̀ mọ́, ẹ gbọn ọ́n, ẹ nù ún sára táwẹ́ẹ̀lì, kí ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé, níbi tí oòrùn kò ti pa á. Ní ìgbà ọyẹ́, kì í pẹ́ gbẹ. Ní oṣù Keje, tí òjò Àkúrẹ́ àti Oǹdó kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ, ó lè tutù di ọjọ́ kejì, ìdí rẹ̀ á sì máa rùn. Ẹni tó bá ní méjì, kó máa pààrọ̀ wọn nígbà náà. Tó bá ti gbẹ tán, ẹ fi í sínú agolo tó ní ihò lára. Aáyán ń jẹ ọṣẹ, ó sì ń jẹ irun. Bẹ́ẹ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì tí ìfófó gbẹ sí lára ló tètè máa ń fà á wá lálẹ́.