Bí mo ṣe fi òru iṣẹ́ mi ṣírò Corvette

"Èèyàn mélòó ló ń gbà?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màámi bi mí láti Abẹ́òkúta nìyẹn, nígbà tí mo fi fọ́tò Corvette, mọ́tò asáré ti Amẹ́ríkà, ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Mo ní méjì péré. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní iye rẹ̀ ńkọ́? Mo ní ó tó 70,000 dọ́là. "Háà! Wọ́n gba èèyàn méjì, wọ́n gbowó èèyàn ogún."

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, iṣẹ́ òru ni mo sì ń ṣe láti ọdún méjìdínlógún. Toyota Sienna ni mo ń wà látìgbà yẹn, mọ́tò tí àwọn ọmọ mi mẹ́ta ti da júùsì sí nínú títí tí kò fi sí ọṣẹ tó ká òórùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àbíkẹ́yìn wọlé sí yunifásítì, mo sọ fún bàbá wọn pé Corvette ni mo máa fi ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún mi. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìyá Tóbi, ṣé o rí oorun sùn lónìí?"

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lọ́kàn mi. Ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 2019 tí General Motors (GM), iléeṣẹ́ tó ń ṣe é, ṣí aṣọ lójú Corvette ìran kẹjọ, tí gbogbo èèyàn ń pè ní C8, àwa mẹ́ta la rọ̀gbà yí fóònù kan ká nínú yàrá ìsinmi wa. Láti ọdún 1953 tí Corvette ti dáyé, iwájú awakọ̀ ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ máa ń wà. Èyí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ sẹ́yìn ìjókòó, bí àwọn Ferrari kan ṣe máa ń rí. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Zora Arkus-Duntov ti bẹ GM títí pé kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó kú lọ́dún 1996, kò rí i. Àmọ́ kì í ṣe ibi tí ẹ́ńjìnì wà ló mú mi. Wọ́n ní owó rẹ̀ kò ní tó 60,000 dọ́là. Nígbà tó yá, iye náà jáde: 59,995, tí a bá ti ka owó tí wọ́n fi ń gbé e dé ọ̀dọ̀ dílà mọ́ ọn.

Mo ní ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde nílé ná. Kí wọ́n tó jáde, C8 tí owó rẹ̀ kéré jù ti di nǹkan bí 70,000. Inú bí mi bíi pé ẹnì kan yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lápò mi nígbà tí mo sùn lọ. Ibẹ̀ ni ìṣirò yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Iléeṣẹ́ ìjọba kan wà ní Amẹ́ríkà, Bureau of Labor Statistics, tó máa ń tọpa bí ọjà ṣe ń wọ́n. Wọ́n ní ohun ìṣirò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa kọ iye owó kan àti oṣù tí ẹ ń sọ, á sọ iye tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ lóde òní. Mo kọ 59,995 sí i, oṣù keje ọdún 2019. Ó ní ó ti ju 75,000 lọ ní àárín ọdún 2025. Mo rò pé mo ṣi nọ́ńbà tẹ̀, mo tún un tẹ̀. Iye kan náà ló gbé wá. Mọ́tò tí mo ń bínú sí pé ó ti gbówó lórí, dọ́là gan-an ló ti fúyẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, dọ́là tó fúyẹ́ kì í ṣe ìtùnú fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Nítorí náà mo wá fi ohun tí mo mọ̀ dáadáa wọ̀n ọ́n, ìyẹn òru. Wákàtí méjìlá ni òru iṣẹ́ mi kan. Lọ́dún 2019, 40 dọ́là ni mo ń gbà fún wákàtí kan, kí ìjọba tó mú tiwọn. C8 nígbà náà jẹ́ òru 125. Lónìí 52 dọ́là ni. 70,000 wá di òru 112. Ó ti dínkù ní òru mẹ́tàlá! Mo ka ìyẹn sí etí bàbá Tóbi níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan kì í ṣàìrí ìṣirò tó máa gbè é lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, mo sì tẹ̀ síwájú láti fi hàn pé n kò ṣe màgòmágó. Mo wo ti ọdún 1953: 300 péré ni wọ́n ṣe, funfun ni gbogbo wọn, 3,498 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí a bá sọ ìyẹn di owó òde òní, bí 42,000 ni, fún ẹ́ńjìnì onípísítìnì mẹ́fà tí agbára rẹ̀ jẹ́ họ́ọ̀sìpáwà 150, pẹ̀lú jíà méjì. Ti ọdún 2025 ní 490 àti jíà mẹ́jọ. Mo wo Porsche 911 pẹ̀lú: Carrera ọdún 2020 bẹ̀rẹ̀ láti 97,400, ti ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ láti 120,100. Òun náà kàn ń sáré tẹ̀lé ọ̀wọ́n gógó ni. Àmọ́ Porsche kò ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń to mọ́tò ní Amẹ́ríkà, owó ẹnubodè tí ìjọba gbé lé mọ́tò òkèèrè ní oṣù kẹrin ọdún 2025 sì dúró dè é létíkun. Bowling Green ní Kentucky ni wọ́n ti ń to Corvette.

Pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ yìí ni mo fi wọṣọ lọ sọ́dọ̀ dílà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí n kò lọ síṣẹ́.

Òfin kan wà láti ọdún 1958 pé mọ́tò tuntun gbọ́dọ̀ ní ìwé lára gíláàsì rẹ̀ tó sọ iye tí iléeṣẹ́ dá lé e. Mo rí ìwé náà. Mo tún rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó kéré, tó ní àwọ̀ pupa, tí àwọn fúnra wọn tẹ̀: 8,000 dọ́là lé e, nítorí pé ọjà ń yá. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní, "Mà, gbogbo èèyàn ló ń wá a." Ní Ìtòkú tí mo dàgbà sí, tí ẹ bá ra àdìrẹ márùn-ún, ọlọ́jà á fi ènì sí i. Níbí, oníbàárà ló ń fún ọlọ́jà ní ènì. Iye tí iléeṣẹ́ kọ sí gíláàsì kò ju àbá lọ, àwọn dílà ló ń dá iye tí wọ́n máa gbà. Òfin Texas kò sì jẹ́ kí General Motors ta mọ́tò tuntun fún mi tààrà. Mo ṣírò ènì náà níbi tí mo dúró sí: òru mẹ́tàlá. Gbogbo òru mẹ́tàlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jèrè nílé ni ọmọkùnrin yẹn fẹ́ fi bébà pupa gbà. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Láti inú Sienna mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn dílà ìlú kéékèèké. Èkarùn-ún, tó jìnnà sí Houston ní wákàtí méjì, ní iye ara gíláàsì làwọn máa gbà, n ó kàn dúró dè é fún oṣù mélòó kan. Ẹ pe ibi márùn-ún, ẹ pe mẹ́wàá. Fóònù kò gbówó.

N kò tíì wà á rí, ẹ má gbàgbé. Dílà á jẹ́ kí ẹ fi yí àdúgbò ká fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọkùnrin rẹ̀ á jókòó tì yín, á máa sọ̀rọ̀ lọ. Mo háyà ọ̀kan lọ́wọ́ onímọ́tò kan láti ọjọ́ Àbámẹ́ta dé ọjọ́ Ajé, èmi àti bàbá Tóbi sì forí lé ìwọ̀ oòrùn, ó dọ̀dọ̀ Leakey, níbi tí ọ̀nà 335, 336 àti 337 ti ń lọ́ kiri láàárín òkè bí ejò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ Houston tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí kọ́nà. Ẹni tó bá wà á ní Houston nìkan kò tíì mọ ohun tó fẹ́ rà.

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà tó ṣófo. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo pariwo. Bàbá Tóbi dì mọ́ ìlẹ̀kùn, wọ́n pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Tún un ṣe." Ní kọ́nà, torí pé ìwúwo ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn wa, imú rẹ̀ máa ń yí kí ọwọ́ mi tó parí ohun tó ń ṣe.

Àmọ́ ẹ̀yìn wákàtí kẹta ni mọ́tò máa ń sọ tinú rẹ̀ jáde. Èyí tó kéré jù la háyà, ìjókòó rẹ̀ kò ní afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ síni lẹ́yìn. Nínú ooru oṣù kẹjọ Texas, ẹ̀yìn mi rin gbingbin. Èyí tó tẹ̀ lé e, 2LT, ló ní i. Bọ́tìnnì tò sí àárín èmi àti ọkọ mi bí ògiri ààlà, tí n kò fi lè na gúgúrú sí wọn láìgbé apá sókè. Nínú ti ọdún 2026 wọ́n ti wó ògiri náà. Búùtù ẹ̀yìn bá ẹ́ńjìnì gbélé, ó sì ń gbóná: mọ́ínmọ́ín tí mo kó síbẹ̀ láàárọ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí a dé Leakey, bàbá Tóbi ní èrè kan ṣoṣo tí àwọn tíì rí nìyẹn. Láti jáde nínú rẹ̀ náà gba ètò. Orúnkún mi sọ ọjọ́ orí mi fún mi níbi oúnjẹ alẹ́.

Mo padà délé pẹ̀lú ìdáhùn méjì: mo fẹ́ ẹ, 2LT ni mo sì fẹ́. Pẹ̀lú ìwọ̀nba nǹkan tí mo fi kún un, iye ara gíláàsì di 78,000. Òru 125 gééré, iye òru tí ì bá gbà mí lọ́dún 2019 fún èyí tó kéré jù. Lójú mi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. N kò ní yí ìyẹn padà: ní iye tí wọ́n kọ sí gíláàsì, mọ́tò náà kò rẹ́ni jẹ.

Ohun tó yí mi lọ́kàn padà kò sí lára gíláàsì rárá. Owó orí Texas lórí mọ́tò jẹ́ 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún: 4,875 dọ́là, òru mẹ́jọ. Inṣọ́ránsì ní 310 dọ́là lóṣù ni àwọn máa gbà: òru mẹ́fà lọ́dọọdún. Táyà ẹ̀yìn fẹ̀ ju ti iwájú lọ, wọn kò ṣeé pààrọ̀ fún ara wọn, ti ẹ̀yìn á sì tètè jẹ. Owó àjọ tí èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì mọ́kànlá jọ ń dá, àti ohun tí mo ti tọ́jú, á mú kí n yá nǹkan bí 30,000. Ní èlé 7 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún márùn-ún, èlé nìkan á lé ní 5,600, òru mẹ́sàn-án. Òótọ́ ni pé òfin tuntun gbà kí a yọ èlé mọ́tò tuntun tí wọ́n tò ní Amẹ́ríkà kúrò nínú owó tí a máa san owó orí lé, láti ọdún 2025 di 2028. Inú mi dùn títí mo fi ṣírò rẹ̀: fún àwa, òru méjì ni, bó bá pọ̀ jù.

Ni mo bá yíjú sí tokunbọ̀, bí a ṣe máa ń pè é nílé. C8 kan náà, 2LT, ti ọdún 2022, tí kò tíì rìn ju 11,000 máìlì lọ: 60,500. Ó fi òru méjìdínlọ́gbọ̀n dín sí tuntun.

Ní Houston, ẹni tó bá fẹ́ ra tokunbọ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù omi. Mo wà níbí nígbà ìjì Harvey lọ́dún 2017, mo rí mọ́tò tó ń léfòó bí igbá. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni wọ́n ń nù, tí wọ́n á tún tà. Ẹ fi nọ́ńbà ara mọ́tò wò ó lórí VINCheck ti NICB, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì inṣọ́ránsì, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí rẹ̀; kò sẹ́ni tó máa ń rántí fọ ibẹ̀. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ lọ wò, ìdí bẹ́líìtì náà ní ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó fẹ́ tà á ní kọfí ló dà sí i. Mo ní ẹ kú kọfí o.

Ìkejì wà ní San Antonio. Ó mọ́. Mo sanwó fún mẹkáníìkì kan láti gbé e sókè, ó ní kò sí nǹkan kan àfi táyà ẹ̀yìn méjèèjì tó ti ń tán lọ. Mo bá ẹni tó ń tà á nájà lórí táyà yẹn bí ẹni tó wà ní Ìtòkú, ó yọ 700 dọ́là. Mo jèrè òru kan àti díẹ̀ níbẹ̀. Pupa ni. Bàbá Tóbi ló wà á délé, wọ́n ní kí n sinmi.

Oṣù kejìlá yìí ni màámi ń bọ̀. Mo pè wọ́n pé Corvette ni mo máa fi wá gbé wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ní àwọn ní àpótí mẹ́ta, àti gàrí, àti èlùbọ́, kí n jọ̀wọ́ fi èyí tí àwọn ọmọ da júùsì sí wá.