Bí A Ṣe Ń Háyà Sáfà Olówó Pọ́ọ́kú Láìkábàámọ̀

Iléeṣẹ́ tó ń háyà sáfà (kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ìkànnì ń gbé lórí rẹ̀) fún èèyàn lówó pọ́ọ́kú kì í gbé odidi ẹ̀rọ fún un. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ni wọ́n ń pín sí wẹ́wẹ́, tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan á gba ìpín tirẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní VPS. Nítorí pé èrò pọ̀ lórí ẹ̀rọ kan ni owó rẹ̀ fi wálẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn kan máa ń ta ìpín ju èyí tí ẹ̀rọ wọn lè gbé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 1GB tó fún ìkànnì kékeré. Bó bá jẹ́ ojú ìwé tí kì í yí padà nìkan ni, 512MB náà á gbé e.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá KVM ni tàbí OpenVZ, ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń pín ẹ̀rọ. KVM, tó ti wà nínú Linux (ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ sáfà) láti 2007, máa ń jẹ́ kí ẹ ní kernel (ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ) tiyín. Lórí OpenVZ, kernel kan ṣoṣo ni gbogbo yín jọ ń lò. KVM lèmi á mú. Ẹ tún wo àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bóyá IPv4 àtijọ́ ni tàbí IPv6 tuntun. Gbogbo IPv4 tó wà kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, IANA, àjọ tó ń pín àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì, sì ti pín ìdì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán ní oṣù kejì ọdún 2011. Ìdí nìyẹn tí sáfà tó ní IPv6 nìkan fi máa ń dínwó, ṣùgbọ́n ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò ní IPv6 kò ní lè dé ọ̀dọ̀ yín tààrà.

Oṣooṣù ni kí ẹ máa san ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dínwó ọdún mẹ́ta máa ń wọni lójú, àmọ́ bí iléeṣẹ́ bá kógbá sílé, ta lẹ fẹ́ bi?

Bí ẹ bá ti fi SSH (ọ̀nà tí a fi ń wọ sáfà láti òkèèrè) wọlé, ẹ tẹ `top`, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú "st". Ìyẹn ló ń sọ bí ìpín yín ṣe ń dúró de CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) nígbà tí àwọn ará ilé yòókù ń lò ó. Ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó lálẹ́. Bó bá ń ga ṣáá, ẹ wá ibòmíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la, torí àwọn róbọ́ọ̀tì tó ń kan ilẹ̀kùn port 22 (ẹnu ọ̀nà SSH) kì í sinmi. Lórí kọ̀ǹpútà tiyín, ẹ ṣe kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ó fi máa wọlé dípò ọ̀rọ̀ aṣínà pẹ̀lú `ssh-keygen -t ed25519`, kí ẹ fi `ssh-copy-id` gbé e sórí sáfà. Ẹ ṣí fèrèsé tuntun láti wò ó bóyá kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣiṣẹ́, kí ẹ má sì tíì pa ti àkọ́kọ́ dé. Ìgbà náà lẹ tó lè kọ `PasswordAuthentication no` sínú `/etc/ssh/sshd_config` kí ọ̀rọ̀ aṣínà má lè wọlé mọ́, kí ẹ tún SSH bẹ̀rẹ̀. Fáìlì mìíràn lè wà nínú `sshd_config.d` tó ń ta kò ó, nítorí náà `sshd -T` ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi `apt update` àti `apt upgrade` sọ àwọn ètò orí sáfà dọ̀tun bó bá jẹ́ Debian tàbí Ubuntu (oríṣi Linux méjì). Ní ti ufw, ètò tó ń sé ẹnu ọ̀nà sáfà mọ́ àwọn tí ẹ kò fẹ́, `ufw allow OpenSSH` ló gbọ́dọ̀ ṣáájú `ufw enable`. Ẹni tó bá yí i po á ti ara rẹ̀ mọ́ta. Let's Encrypt ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí HTTPS (ọ̀nà tó ń dáàbò bo ohun tó ń lọ láàárín ìkànnì àti àlejò rẹ̀) lọ́fẹ̀ẹ́, ètò certbot á sì máa sọ ọ́ dọ̀tun fúnra rẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀dà àwọn fáìlì yín. Snapshot (ẹ̀dà odidi sáfà bó ṣe rí ní àkókò kan) tó wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan náà kò tó, torí bí wọ́n bá ti àkáǹtì yín pa, ó bá a lọ. Ẹ fi ètò rsync tàbí restic gbé ẹ̀dà lọ sí ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ háyà sáfà tó ń ka owó ní wákàtí, kí ẹ tú ẹ̀dà náà síbẹ̀. Bí ìkànnì yín bá ṣí bó ṣe yẹ, ẹ pa sáfà yẹn rẹ́.