Bí mo ṣe ya Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu tí ijó fi hàn nínú fọ́tò

Fọ́tò Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó tí wọ́n ń gbé ojú tí wọ́n fi igi gbẹ́ sórí jó, pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, 1/1000 ni wọ́n fi yà á, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá péré ni ojú kámẹ́rà fi là, aṣọ ò fẹ́, ẹsẹ̀ ò mì, eruku pàápàá dúró sáfẹ́fẹ́, ẹni tí ò bá dé Kétu ní Benin rí á rò pé ẹni náà kàn dúró síbẹ̀ ni. Èmi fẹ́ kí ijó ẹ̀ hàn.

Mo kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà, mo gbàṣẹ lọ́wọ́ Ìyálàṣẹ, ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí n tó yọ kámẹ́rà, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Mo wá yí kámẹ́rà sí S, níbi téèyàn ti ń fọwọ́ ara ẹ̀ yan shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe máa là pẹ́ tó, tó bá jẹ́ Canon, Tv ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo fi shutter sí 1/15, mo fi ISO, bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 100. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ẹ̀fẹ̀, èyí tó máa ń kọrin ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ló ni òru, ojú ọ̀sán ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó, oòrùn sì mú ganrínganrín. Nínú irú oòrùn yẹn, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ sé ihò lẹ́ǹsì dé f/16, nǹkan bí 1/125 ló yẹ, 1/15 á gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́jọ wọlé, fọ́tò á kàn funfun báláú ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló yá mi ní ND8, dígí dúdú tí wọ́n ń dé mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kó kọjá, ó ṣe rẹ́gí.

Ìgbà tó yẹ kéèyàn tẹ̀ ẹ́ ló wá kù, ìlù ló sì máa sọ ìyẹn fún yín o. Oníjó ń fẹsẹ̀ sọ ohun tí ìlù ń sọ, ṣaworo ẹsẹ̀ ẹ̀ ń dún, tí ìlù bá fẹ́ parí gbólóhùn ẹsẹ̀ á yára gan-an àmọ́ orí tó gbé ojú igi kì í fi bẹ́ẹ̀ mì, ibẹ̀ gan-an ni mo ń tẹ̀ ẹ́, mo fara ti ògiri, mo fún ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà. Ojú igi á mọ́ kedere, aṣọ àti ẹsẹ̀ á rú bí èéfín. 1/8 ti pọ̀ jù, ojú igi náà á bá a lọ, 1/60 ò sì tó, ẹsẹ̀ nìkan ló ń mì díẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti méjì tó jọ jáde, ọ̀kan ti dúró, èkejì ṣì ń yí.

Ẹni tó bá jẹ́ fóònù ló ní, ẹ lọ sí Pro nínú kámẹ́rà ẹ̀, shutter wà níbẹ̀, àmọ́ ihò lẹ́ǹsì ọ̀pọ̀ fóònù kì í ṣeé sé, ẹ dúró de ìgbà tí oòrùn bá rọ̀.