Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú wíwo fọ́tò òkúta Máàsì

Ẹ má ṣe fún òkúta lórúkọ kí ẹ tó mọ bó ṣe tóbi tó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Curiosity, ọkọ̀ aláìlénìyàn tí NASA fi ránṣẹ́ sórí ayé Máàsì, ya fọ́tò ihò kan lára àpáta Òkè Sharp níbẹ̀, ariwo sì ta pé ẹnu-ọ̀nà ni. Ihò náà ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ tó 40. Kò dé orúnkún àgbàlagbà. Àpáta ló sán níbẹ̀, tí ègé rẹ̀ já bọ́.

Ẹ má sì gba fọ́tò kan ṣoṣo ní ẹ̀rí. "Ojú Máàsì", òkè kan tó jọ ojú ènìyàn nínú fọ́tò tí ọkọ̀ Viking 1 yà láti òfuurufú ní agbègbè Cydonia ní 25 oṣù Keje 1976, ṣì ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà títí dòní. Oòrùn ti wálẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò ga ju nǹkan bí 20 dígírì lọ, òjìji bá bo ẹ̀gbẹ́ kan òkè náà. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò, kó nǹkan bí 50 mítà ilẹ̀ pọ̀, ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀ kò lè hàn. Àwọn àmì dúdú wínníwínní inú rẹ̀ jẹ́ ibi tí ìsọfúnni ti sọnù lójú ọ̀nà. Ọ̀kan bọ́ sí ibi ihò imú gẹ́lẹ́! Kí ẹ sọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ di ńlá kò lè fi ohunkóhun kún un. Ibi kan náà ni kí ẹ wá nínú fọ́tò mìíràn, nígbà tí oòrùn ti yí padà. Ní 2001, ọkọ̀ Mars Global Surveyor tó ń yí Máàsì po yà á ní píksẹ́lì tí kò tó 2 mítà: òkè tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wó, ló hàn.

Àwọ̀ náà ń tanni. Àwọn òkúta róbótó onírin tí Opportunity, ọkọ̀ NASA mìíràn, rí ní agbègbè Meridiani ní 2004 hàn bíi búlúù nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n aláwọ̀ eérú ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ ló yí àwọ̀ fọ́tò náà kí oríṣi òkúta lè yàtọ̀ síra. Ẹ ka àlàyé abẹ́ fọ́tò.

Bí òkúta bá sì ṣàdéédéé yọ, ẹ wo ohun tí ọkọ̀ ṣe láàárín fọ́tò méjèèjì. Òkúta tí wọ́n pè ní Pinnacle Island kò sí níwájú Opportunity ní ọjọ́ 3528 iṣẹ́ rẹ̀, ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 3540. Táyà ọkọ̀ ló fọ́ òkúta tó ta á síbẹ̀.

Èyí tó dùn wá jù ni kí ènìyàn wá ka gbogbo òkúta abàmì sí ìtànjẹ. Òkúta Cheyava Falls, tí ọkọ̀ Perseverance rí lórí Máàsì ní oṣù Keje 2024, ní àmì tótòtó bí awọ àmọ̀tẹ́kùn, a sì rí irin pẹ̀lú fọ́sífétì àti imí ọjọ́ nínú wọn. Ní ayé wa, kòkòrò àìfojúrí sábà máa ń fa irú àdàlù yìí, ṣùgbọ́n ó lè ṣẹlẹ̀ láìsí ohun abẹ̀mí. Ọkọ̀ náà ti gbẹ́ díẹ̀ lára òkúta náà pamọ́ sínú rẹ̀. Ilé àyẹ̀wò orí ilẹ̀ ayé ló lè yanjú ọ̀rọ̀ náà.