Ọjọ́ tí a dáná ìkọ́kọrẹ́ nílé àwọn àgbà

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé jẹ́lé-ó-sinmi lẹ kó wa wá ni?"

Ìyá Ẹlẹ́ja ló bi mí bẹ́ẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Fèrè oníróbà ń fì lókè orí wọn, kéèkì wà lórí tábìlì, díìjéè sì ti gbé sípíkà méjì tó ga jù mí lọ kalẹ̀ nínú pálọ̀ ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́. Èmi ni mo ṣètò gbogbo rẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí bàbá méjì fi ní kí a dá àwọn padà sí yàrá. Ọ̀kan yọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ràn kúrò létí, wọ́n dì í mọ́wọ́. Kéèkì náà, àwa òṣìṣẹ́ la jẹ ẹ́ tán, torí nínú àwọn mẹ́rìnlá tó wà nílé, mẹ́fà ló ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. N kò kàn rò ó ni.

Ọ̀rọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ kúnlẹ̀ kí Ìyá Ẹlẹ́ja, mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?" Wọ́n wò mí títí.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wá síbí, wọ́n ń bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n ń bi mí bóyá mo ti lo oògùn, wọ́n tún ń bi mí bóyá mo ti yàgbẹ́. Èyí tí o bi mí yìí, òun ni àkọ́kọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ dáná."

Mo ra ìwé kékeré kan, mo fi ọ̀sẹ̀ kan lọ láti yàrá dé yàrá. Mo tètè rí i pé "kí lẹ fẹ́ràn?" kì í bí ọmọ kankan, "ohun tẹ́ ẹ bá ti fún wa" ni èsì rẹ̀ lẹ́nu gbogbo wọn. Mo wá ń bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nígbà tí ara ṣì le. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé bàbá tó máa ń kọjú sí ògiri látàárọ̀ dalẹ́ ti wa bọ́lẹ̀kájà láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde rí. Bàbá míì wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀ ní January 1955, nígbà tí Ẹ̀pẹ́ ṣì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọn kò tíì dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìyá mẹ́ta ti ta ẹja. Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ta ni kò ta ẹja rí?

Nọ́ọ̀sì wa ni kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní iná ńkọ́, ọ̀bẹ ńkọ́, ẹni tí oúnjẹ máa ń há lọ́nà ọ̀fun ńkọ́? Òótọ́ ló sọ. A jọ jókòó tì í. A ní alásè ni yóò dúró ti iná, àwa òṣìṣẹ́ la ó lo ọ̀bẹ, a ó sì ṣa eegun ẹja kúrò pátápátá. Ìkọ́kọrẹ́ tí a fẹ́ fi ewùrà sè fúnra rẹ̀ rọ̀, kò ní da ẹni tí kò léyín láàmú. Ó ní iyọ̀ gbọ́dọ̀ kéré nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, magí kankan kò sì gbọdọ̀ wọ ìkòkò. Nígbà tí mo jíṣẹ́ yìí fún Ìyá Ẹlẹ́ja, wọ́n ní kò sí ìjà níbẹ̀, àwọn kò bá magí láyé.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ la fi í sí, kí a lè parí kí wọ́n tó pe ìrun Àílà. Ohun mìíràn ni pé bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, iyè àwọn tó ń ṣarán máa ń dàrú sí i, àárọ̀ ló dára fún wọn. Abẹ́ igi máńgòrò ni a to àga sí, a tò ó yípo kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn, kò jìnnà sí ilé ìyàgbẹ́, kò sì sí wáyà kankan nílẹ̀ tó lè gbé èèyàn ṣubú. Sákárà àtijọ́ ń dún jẹ́jẹ́ látinú fóònù mi.

Èmi ni mo lọ ra ewùrà. Ìyá Ẹlẹ́ja gbé ọ̀kan, wọ́n fi èékánná họ ọ́. "Èló lo rà á?" Mo sọ iye. "Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ."

Ìyá kan wà láàárín wọn tí iyè wọn ti lọ. Nígbà míì wọ́n á pè mí ní àbúrò wọn, nígbà míì wọn kì í mọ ọmọ tí wọ́n bí. Mo gbé abọ́ àti agolo tí a fi ìṣó dá lu kalẹ̀ níwájú wọn, n kò retí nǹkan kan. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ ojú agolo náà wò, wọ́n yí i sí ìhà tó mú. Wọ́n wá tọwọ́ bọ epo pupa, wọ́n fi pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dé ọrùn ọwọ́, kí wọ́n tó gbé ewùrà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rin ín. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé ewùrà máa ń yún ni lọ́wọ́. Èmi tí orí mi pé kò fi nǹkan kan pa ọwọ́. Títí di alẹ́ ni mo ń họra.

Ata, epo, edé àti ẹja gbígbẹ ti ń hó nínú ìkòkò. A bẹ̀rẹ̀ sí í bu ewùrà sí i ní kóńkó-kóńkó. Mo na ọwọ́ sí orógùn, Ìyá Ẹlẹ́ja fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn gbá mi lọ́wọ́: "Má rò ó! Jẹ́ kó dì ná!" Ìyá kejì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, ní kí ni ará Èkó mọ̀ nípa ìkọ́kọrẹ́. Ìdílé Ìyá Ẹlẹ́ja wà lára àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó sá wá sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, lójú ìyá yìí àlejò ṣì ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà gbóná ju ìkòkò lọ. Ọdún mélòó ni ènìyàn yóò gbé ìlú kí ó tó di onílé?

Níhà kejì, ọpọ́n ayò ń dún. Ojúlé 12, ọmọ ayò 48, àmọ́ 47 la kà, ẹ̀sùn olè sì bẹ́ sílẹ̀ títí a fi rí ìkejìdínláàádọ́ta lábẹ́ tìmùtìmù. Ariwo yẹn ni Bàbá Bọ́lẹ̀kájà gbọ́ tí wọ́n fi ní kí a ti àga onítáyà àwọn jáde. Wọ́n wo ọpọ́n díẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀pè ni gbogbo yín." Làkúrègbé kò jẹ́ kí ìka wọn ká dáadáa, wọ́n ń nàka sí ojúlé, èmi ń bá wọn ta á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ìtàn April 2, 1972, ọjọ́ Àjíǹde, tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Wọ́n ní odidi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn fi ń gbàdúrà kí àwọn tó ṣáná sí ọkọ̀.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló dá sí i. Ìyá kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá, wọn kò sì fẹ́ kí a gbé wọn súnmọ́ ọ̀dọ̀ wa. Mo gbé oúnjẹ tiwọn lọ síbẹ̀. Òórùn ẹja mú ẹnìkan sunkún nítorí ọmọ wọn tó kú. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ wọn mú, kò sọ pé kí wọ́n dákẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Ẹlẹ́ja ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti pín iṣẹ́ fún gbogbo ilé láìbi ẹnikẹ́ni: ta ni yóò rin, ta ni yóò ṣa ẹja, ta ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò mọ́.

"Ìwọ, má dá lọ ra ewùrà mọ́ o. A jọ ń lọ ni."

Mo ti ń wá ọkọ̀ tí àga wọn yóò wọ̀.