Bí mo ṣe ṣe lámèyítọ́ ìwé àkúdàáyà tí ẹlẹgbẹ́ mi kọ

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀yin ni wọ́n gbé ìwé mi fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wojú mi o, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí." Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni àtẹ̀jíṣẹ́ yìí wọlé sórí WhatsApp mi. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí òmíràn fi tẹ̀ lé e: "Tí tiyín náà bá jáde, èmi ni màá ṣe tiyín."

Ìkejì yìí ni mo kọ́kọ́ dá lóhùn. Mo ní kó má ṣe tèmi rárá. Ìyìn tí òǹkọ̀wé méjì ń dá bí èsúsú, òní tèmi, ọ̀la tìrẹ, òǹkàwé tó fowó ra ìwé ni kì í kó nínú ẹ̀.

Ìtàn àkúdàáyà ni ìwé náà. Ọkùnrin kan kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sin ín, àfi bó ṣe di oníṣòwò aṣọ ní Tamale, lápá àríwá Gánà. Ó fẹ́yàwó níbẹ̀, ó bímọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn àkúdàáyà rí mọ ibi tí irú ẹ̀ ń já sí: ará ilé kan á ṣèèṣì débẹ̀, á rí i, á figbe ta, òkú á sì pòórá. Ọgbọ́n tí àbúrò mi ta ni pé ó gbé ìtàn náà sí ọdún 1969. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni ìjọba Busia kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ wá a ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó fi Gánà sílẹ̀. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó di ẹrù wálé, ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé Gánà ni wọ́n bí wọn sí, tí wọn ò mọ ọ̀nà ilé baba wọn. Gbogbo àdúgbò ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé. Òkú yìí nìkan ni kò lè lọ.

Ibi tí mo ti rí ohun tó fẹ́ ṣe yìí, mo pa ìwé dé. Owú ni. Èmi náà ní ìtàn àkúdàáyà kan tí mo ti ń fà láti ọdún méjì, kò sì sí ohun tó tó báyìí nínú ẹ̀.

Nítorí náà, kí n tó kọ ohunkóhun, mo pe olóòtú tó gbé iṣẹ́ náà fún mi. Mo sọ fún un pé mo mọ òǹkọ̀wé, pé orí kókó kan náà lèmi náà wà, pé kó wá ẹlòmíràn tó bá rí i pé kò dára. Ó ní kí n ṣe é, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ sókè pátápátá kí òǹkàwé mọ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú lámèyítọ́ mi nìyẹn, kò sì dùn mọ́ mi láti kọ.

Mi ò mú bírò dání nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kíní. Bírò máa ń sọ èèyàn di tíṣà, tíṣà kì í sì í gbádùn ìtàn. Mo kàn jókòó tì í lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé ẹ̀wà kaná. Ojú ewé 97 ni mo wà nígbà tí òórùn ìjóná wọlé. Mo sáré dìde, mo gé iná, mo padà sídìí ìwé láì bu omi sínú ìkòkò. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ fún ara mi, torí mo mọ̀ pé tó bá di pé mò ń wá àṣìṣe kiri, mo lè gbàgbé pé ìwé yìí mú mi débi pé oúnjẹ mi jóná.

Kíkà kejì ni mo tó mú ìwé àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ìtàn bá ti ní iwin nínú, ohunkóhun ló lè ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni. Ẹgbére kúrú, ẹkún ló ń sun kiri pẹ̀lú ẹní rẹ̀ lábíyá. Ẹni tó bá gba ẹní náà tó sì fara da ẹkún rẹ̀ ló ń di olówó. Ẹ jẹ́ kí ẹgbére kan rẹ́rìn-ín nínú ìwé, gbogbo wa la máa béèrè ìdí. Ayé àràmàǹdà ní èèwọ̀ ju ayé tiwa lọ, òun ló sì ń bani lẹ́rù níbẹ̀. Mo wá ya ojú ewé kan sọ́tọ̀, mo kọ "Èèwọ̀" sókè rẹ̀, gbogbo ibi tí ìwé bá ti sọ pé òkú yìí kò gbọ́dọ̀ ṣe báyìí, mo kọ ọ́ pẹ̀lú ojú ewé tó wà. Mẹ́rin ni mo rí. Ẹ̀kẹta wọn, ojú ewé 46: kò gbọ́dọ̀ dáhùn bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ pè é. Ọjọ́ tó bá dáhùn ló parí.

Mo ya òmíràn sọ́tọ̀ fún ohun tí kì í ṣe ti iwin: owó, ọkọ̀, aṣọ, ọ̀nà. Ibí yìí ni mo ti rí ẹrù. Nínú ìwé náà, ìyá òkú ń ka náírà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1969. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 ni náírà dé. Pọ́n-ùn àti ṣílè là ń ná títí dìgbà náà. Àwọn tó ń kúrò ní Tamale sì di ẹrù sínú "Ghana Must Go". Báàgì yẹn kò tíì lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1983 ló gbà á, nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà. Ẹ ò rí i pé ìdàkejì ìtàn náà gan-an ni! Mo lè gbà pé òkú ń tajà ní Tamale. Mi ò lè gbà pé ó ń fi báàgì 1983 dì í. Bí ilẹ̀ tí òkú tẹ̀ bá ti yẹ̀, òkú náà yẹ̀ nìyẹn.

Ojú ewé 163 ni mo rò pé mo ti mú un. Ní gáréèjì Tamale, láàárín ariwo àwọn tó ń wá lọ́rì, ẹnì kan pe orúkọ òkú láti ẹ̀yìn, òkú sì dáhùn pé "Ò o!" Kò pòórá. Ó tún bá onítọ̀hún gbé ẹrù. Mo fi bírò pupa fa ìlà sí i. Mo kọ odindi ìpínrọ̀ kan nípa òǹkọ̀wé tó da èèwọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ìpínrọ̀ náà dùn lọ́wọ́ mi, ó ní àfiwé méjì. Mo fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí olóòtú, mo lọ sùn.

Òru ni ara ò gbà mí. Ẹni tó ronú dé 1969, ṣé ó lè gbàgbé ojú ewé 46? Mo tan iná, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ewé 12 ló wà, nínú ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń sọ fún aládùúgbò lẹ́nu aró: àbíkú ni ọkọ òun, Dúrójayé tí gbogbo ayé ń pè é yìí, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó fún un. Ìlà kan péré. Orúkọ ọjọ́ ìkómọ, ìyá rẹ̀ nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Ojú ewé 163 kì í ṣe àṣìṣe rárá. Ńṣe ló ń sọ fún ẹni tó bá lajú pé kó máa retí ìyá. Èmi ni mo sáré kọjá.

Aago mẹ́fà ìdájí ni mo pe olóòtú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń fọwọ́ kan ìwé láago mẹ́fà.

Bí mo ṣe tún gbé ohun tí mo kọ wò, mo rí i pé ojú ewé 163 nìkan kọ́. Mo ka "ó yẹ kí òǹkọ̀wé" níbẹ̀, méje ni. Márùn-ún nínú méje jẹ́ ìwé tèmi tí mò ń kọ sórí tiẹ̀. Mo rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Amos Tutuola lọ́dún 1952, nígbà tí ìwé ọ̀mu rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Observer, ó sì yìn ín gan-an. Nílé ńbí, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló bínú: irú Gẹ̀ẹ́sì wo nìyí, ìtàn tí a ti gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà nìyí. Mi ò rò pé Dylan Thomas gbọ́n jù wọ́n lọ. Ohun tó wà lójú ewé ló rí, kò ní òmíràn lọ́kàn tó fẹ́ fi díwọ̀n rẹ̀. Èmi ní.

Mo gé márààrún. Mo fi náírà àti báàgì sínú gbólóhùn kan, torí òǹkàwé máa rí i náà. Àwọn àmì ohùn tó ṣáko lọ àti orúkọ àdúgbò kan tó yí padà láàárín orí méjì, mo kó wọn ránṣẹ́ sí i ní kọ̀rọ̀. Mo sọ pé orí kẹsàn-án falẹ̀, mo sì sọ ibi tó ti ń falẹ̀. Ní ti orúkọ, ohun tí mo kọ kò ju pé kí òǹkàwé má sáré lójú ewé 12. Mo pa á rẹ́, mo tún dá a padà, mo tún pa á rẹ́. Bí mo bá nàka sí ibi tí ó fi nǹkan pa mọ́ sí, kí ló kù?

Ọjọ́ kẹta tó jáde, àbúrò mi pè. Ó dúpẹ́, ó ní ojú ti òun nípa náírà, pé bàbá òun náà ti bú òun sí i. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ nǹkan kan nípa gáréèjì. Ẹ rí ojú ewé 12, àbí?"

"Mo rí i," ni mo wí. Mi ò sọ ìgbà tí mo rí i fún un.