Òórùn Epo Bẹntiróòlù Nínú Ọkọ̀: Ibi Tí Ẹ Ó Ti Wá A àti Bí Ẹ Ó Ṣe Tún Un Ṣe

Kí ẹ tó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ kọ́kọ́ mọ ìgbà tí òórùn náà máa ń wá, torí ìgbà ló ń tọ́ka sí ibi. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ bá ra epo kún táǹkì ló máa ń rùn, tó sì ń lọlẹ̀ bí epo ṣe ń dín kù, òkè táǹkì ni kí ẹ wò: orí pọ́ǹpù, àti ọrùn tí epo ń gbà wọlé. Bó bá jẹ́ òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, tó sì ń pòórá bó bá ti gbóná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oríńgì (rọ́bà róbótó) ìdí nọ́sù, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ló ti gan. Bó bá jẹ́ ìdí sáléńsà ló ti ń wá, epo lè má jò síta rárá; inú ẹ́ńjìnnì ni kò ti jó tán. Bó bá sì jẹ́ búùtù nìkan, ẹ gbé kéègì epo jẹnẹrétọ̀ kúrò níbẹ̀ ná. Kéègì tí wọ́n dé pinpin ṣì lè máa tú òórùn jáde bí oòrùn bá pa búùtù, kápẹ́ẹ̀tì á sì gbà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ owó mẹkáníìkì ló ti bá kéègì lọ.

Bí ẹ bá rí epo tó ń kán sílẹ̀, ẹ má sítáàtì ọkọ̀ náà. Ẹ tì í síta, jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń dáná àti sí jẹnẹrétọ̀, torí èéfín epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: ilẹ̀ ló máa ń rá lé títí tí yóò fi dé ibi tí iná wà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i kí ẹ tó tú orí bátìrì, nítorí pé iná lè ta pàrà níbẹ̀. Ohun ìpaná oníyẹ̀fun ni kí ẹ gbé sítòsí. Ẹ má da omi sí iná epo; epo á léfòó lórí omi, iná á sì bá a lọ.

Bí kò bá sí èyí tó ń kán, ìgbà yìí lẹ tó lè wá a. Toyota Corolla 2003 sí 2008 ni ká mú. Pírẹ́ṣọ̀ epo rẹ̀, ìyẹn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo, wà láàárín 44 sí 50 psi (òṣùwọ̀n pírẹ́ṣọ̀), nítorí náà ibi tó sán díẹ̀ lè gbẹ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, kó sì máa fọ́n epo bó bá ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, pọ́ǹpù á ké díẹ̀, á sì dákẹ́. Àwọn Toyota kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹ sítáàtì rẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá, kí ẹ sì pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti oríkèé rọ́bà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí epo bá ti ń jò, eruku ibẹ̀ máa ń ṣí, irin á mọ́ bíi pé wọ́n fọ̀ ọ́. Ẹ fi tíṣù funfun nu abẹ́ oríkèé náà, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ẹ tẹ rọ́bà: èyí tó bá rọ̀ jù tàbí tó sán bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ti kú.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù epo, kí ẹ sítáàtì ọkọ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí ẹ wá tú orí bátìrì tó jẹ́ négétíìfù. Ẹ fi àkísà bo oríkèé tí ẹ fẹ́ tú, torí epo díẹ̀ á ṣì kù níbẹ̀. Bí ẹ bá yọ nọ́sù, ẹ pààrọ̀ oríńgì gbogbo wọn, kì í ṣe ẹyọ kan. Ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó mọ́ pa oríńgì lára kó má baà ya bó ṣe ń wọlé. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí i. Púpọ̀ nínú gọ́ọ̀mù ọjà ni epo máa ń tú. Bó bá jẹ́ rọ́bà tí epo ń gbà kọjá lẹ fẹ́ rà, ó gbọ́dọ̀ ní àmì SAE J30R9 lára. J30R7 kò gba irú pírẹ́ṣọ̀ yìí, rọ́bà omi ni kí ẹ má tiẹ̀ dárúkọ.

Nínú Corolla yìí, orí pọ́ǹpù wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí epo táǹkì dín kù gan-an kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ sì kọ́kọ́ nu eruku kúrò, àìṣe bẹ́ẹ̀ yóò já sínú táǹkì. Ẹ má lo rọ́bà rẹ̀ àtijọ́ lẹ́ẹ̀kejì: ó máa ń wú, kì í sì í jókòó dáadáa mọ́. Ẹ wo rọ́bà ìdérí táǹkì náà. Bí ẹ̀rọ tí ń ka kóòdù bá mú P0455, P0442 tàbí P0457 jáde, ìyẹn àwọn kóòdù tó ń sọ pé èéfín epo ń jò, ibẹ̀ ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀. Òun ló rọrùn jù láti pààrọ̀.

Àwọn tó máa ń mi ọkọ̀ nílé epo kó lè gbà sí i ló ń ba kánísítà jẹ́, ìyẹn agolo èédú tó ń gba èéfín epo táǹkì sára. Bí epo gidi bá wọ inú rẹ̀, èédú á mu ún yó, ọkọ̀ á máa rùn, á sì máa nira láti sítáàtì lẹ́yìn tí ẹ bá ra epo. Bí nọ́sù ilé epo bá ti já, ó tó. Àwọn mẹkáníìkì kan a máa gé kánísítà dànù, wọ́n á sì fi rọ́bà rẹ̀ sílẹ̀ láìdí i: òórùn tó máa jáde níbẹ̀ kò ní tán.

Tó bá jẹ́ sáléńsà, ẹ tú pílọ́ọ̀gì. Èyí tó dúdú tàbí tó tutù fún epo fi hàn pé pílọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì kò ta iná, tàbí pé nọ́sù ń jò sínú. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì pẹ̀lú: bí ọ́ìlì bá ń pọ̀ sí i tó sì ń rùn bí epo, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe, nítorí ó ti fúyẹ́ jù láti dáàbò bo ẹ́ńjìnnì.

Táǹkì tó bá lu, ọṣẹ tí wọ́n ń fi dí i lè gbé yín dé ilé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbé e lọ fún wẹ́dà, kódà bó bá ṣófo: èéfín inú rẹ̀ lè bú gbàmù. Ẹ ra òmíràn.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ sítáàtì ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10, ẹ yẹ gbogbo oríkèé wò, kí ẹ sì tún fi tíṣù nù wọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹ tó sítáàtì rẹ̀. Bí tíṣù bá gbẹ, ṣùgbọ́n tí inú ọkọ̀ ṣì ń rùn, ẹ yọ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a sóòrùn.